Àwòrán Ẹni Tí A Ò Fẹ́ Rí

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, nígbà tí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Dak'Art ń lọ lọ́wọ́ ní Dakar, ilé àfihàn kan tó ń jẹ́ Raw Material Company gbé àwòrán ènìyàn kọ́ sára ògiri. Koyo Kouoh, ọmọ Kamẹrúùnù tó dá ilé náà sílẹ̀, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Lára àwọn tí iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀ ni Zanele Muholi láti Gúúsù Áfíríkà, Jim Chuchu láti Kẹ́ńyà, àti Andrew Esiebo, ọmọ Nàìjíríà tó ya fọ́tò àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí i tí àwọn kan fi ya bo ilé náà, tí wọ́n fọ́ fèrèsé àti iná rẹ̀. Àjọ Jamra, tó ń fi orúkọ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣọ́ ìwà àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, figbe ta. Ìjọba náà dá sí i. Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Ohun tó yẹ kí a fara balẹ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìwà kankan nínú ilé yẹn. Ojú ènìyàn lára ògiri ni wọ́n rí, ojú ènìyàn náà ni wọ́n sì bá jà.

Ẹni tó wà ní Lougba tàbí ní Savalou lè sọ pé ọ̀rọ̀ Dakar kò kan òun. Ó kan án. Ọwọ́ fóònù ni àwòrán ń gbà rìnrìn àjò báyìí, kò dúró de ilé àfihàn kí ó tó dé Bantè, ìjà tó bá sì bẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ní Dakar tàbí ní Èkó, ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀ àti ti ọjọ́ Àìkú yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò ní jíyàn níhìn-ín bóyá ìbálòpọ̀ akọ sí akọ tàbí abo sí abo tọ́ tàbí kò tọ́. Àwọn tó ń ṣe ìyẹn ti pọ̀, etí sì ti kún. Ìbéèrè tèmi kéré ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé òun ló ṣáájú: nígbà tí ẹnì kan bá ya ojú ẹlòmíràn, tó gbé e kọ́ sí gbangba, kí ni ó sọ nípa ẹni náà? Àwọn tó fọ́ fèrèsé Dakar gbà pé ohun tó sọ ni pé, "Ohun tí ẹni yìí ń ṣe dára." Èmi gbà pé àṣìkà ni wọ́n kà á. Nínú ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, àwòrán ènìyàn wà ní ipò oríkì, oríkì kì í sì í ṣe ìdájọ́.

Kí a kọ́kọ́ wo àwọn iṣẹ́ náà fúnra wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú wọn kò rí wọn rí. Láti ọdún 2006 ni Muholi ti ń ya fọ́tò tí wọ́n pè ní Faces and Phases: àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí ara tí wọ́n bí wọn sí kò bá ohun tí wọ́n mọ ara wọn sí mu. Dúdú àti funfun ni fọ́tò wọ̀nyí. Ẹni tí wọ́n yà dúró, ó wọ aṣọ, ó wo ẹni tó ń wò ó. Kò sí ibùsùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá tò wọ́n sára ògiri, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn fún ẹni tó ti kú àti fún ẹni tí wọn kò tíì yà. Sola Olulode, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ń ya àwọn obìnrin dúdú tó fẹ́ràn ara wọn, aró àti ìda ló sì ń lò lórí aṣọ, bí aláró tiwa ṣe ń fi wọ́n da àrà sára aṣọ. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ìyanu lójú mi, ni Toyin Ojih Odutola, tí wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1985, tó sì dàgbà sí Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹwàá 2017 títí di oṣù Kejì 2018, ó ní àfihàn kan ní ilé iṣẹ́ ọnà Whitney ní New York. Èédú, lẹ́ẹ̀dì àti pásítẹ́ẹ̀lì ni ó fi ya ìdílé ọlọ́lá méjì ní Nàìjíríà, UmuEze Amara àti ìdílé Ọbáfẹ́mi, tí wọ́n di àna ara wọn nítorí pé ọmọkùnrin ilé kìíní fẹ́ ọmọkùnrin ilé kejì. Kò sí ìdílé méjèèjì yìí níbì kankan. Ojih Odutola ló rò wọ́n. Ó tilẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe akọ̀wé ìdílé náà, tó ń kọ lẹ́tà ìkíni sí àwọn àlejò. Nínú àwòrán wọ̀nyẹn, àwọn ènìyàn jókòó sórí àga, wọ́n dúró sí ẹ̀bá odò, wọ́n ń ṣe fàájì bí ọlọ́lá. Ẹni tó bá wá ìṣekúṣe lọ síbẹ̀ yóò pa dà lọ́wọ́ òfo.

Ìgbà tí a bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni a tó lè béèrè ohun tó ń sọ. Ọlábíyì Babalọlá Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tiwa, tó ti fìgbà kan ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní UNESCO kí ó tó papò dà ní 2020, kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1990 pé ẹni tó bá fẹ́ ní òye iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò gbọdọ̀ ti ojú nìkan wọ inú rẹ̀. Ẹnu ni kí ó kọ́kọ́ gbà, nítorí pé oríkì àti ìtàn ni ìpìlẹ̀ tí agbẹ́gilére ń gbẹ́ igi lé. Bí a bá tẹ̀lé Yáì, a ó rí i pé ìbéèrè wa ti yí pa dà. Kì í tún ṣe pé ṣé àwòrán yìí ń ṣe ojúlówó ìtẹ́wọ́gbà tàbí ìtànjẹ. Ó di pé irú iṣẹ́ wo ni oríkì ń ṣe fún ẹni tí a ń kì. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù fún ọdún bíi mélòó kan, tí ìwé rẹ̀ lórí oríkì sì jáde ní 1991, fi hàn kedere pé oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì nílé rí kò nílò Barber kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ń sọ nípa jíjà lórí ogún, ó ń sọ nípa gbèsè, ó ń dárúkọ àbùkù ara, ó ń sọ ohun ìtìjú tí baba ńlá ẹni ṣe. Akígbe yóò sọ ọ́ ní gbangba, lójú àna àti àlejò, orí ẹni tí wọ́n ń kì yóò sì wú. Kí ló mú orí wú níbi tí wọ́n ti ń sọ àbùkù? Ohun tó mú un wú ni pé wọ́n dá a mọ̀. Wọ́n pe é mọ́ orírun rẹ̀, wọ́n kò fi í pe ẹlòmíràn, wọ́n kò sì fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ pamọ́. Ọ̀nà tí Yorùbá gbà ń sọ pé, "A rí ọ, ìwọ lo dúró níbẹ̀ yẹn" nìyí, ó sì jìnnà púpọ̀ sí, "A gbà pé o ṣe dáadáa."

Ẹ̀rí wà fún èyí nílẹ̀ òkè tiwa. Ní Savalou àti ní Ìdáàṣà, kò sí òrìṣà tí wọ́n bẹ̀rù ju Sakpata lọ, èyí tí Yorùbá ń pè ní Ṣànpọ̀nná, ìtàn Abomey fúnra rẹ̀ sì gbà pé láti ọ̀dọ̀ wa ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó pa ènìyàn, ó sọ ilé di ahoro. Síbẹ̀ ó ní oríkì, oríkì rẹ̀ sì kún fún ibi tó ṣe. Kò sí ẹni tó ń kì í tó ń sọ pé ṣọ̀pọ̀ná dára. Rotimi Fani-Kayode mọ èyí. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955. Balógun Ifẹ̀ ni baba rẹ̀. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba 1966 ni wọ́n kó lọ sí Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni, kò sì fi pamọ́. Ní 1987 ó ya fọ́tò ọkùnrin kan tí wọ́n fi àmì tótòtó kun gbogbo ara rẹ̀, ó sọ ọ́ ní orúkọ òrìṣà tí a ń wí yìí. Ọdún tó tẹ̀lé e, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Autograph sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ó kú ní oṣù Kejìlá 1989, ọmọ ọdún 34. Ohun tó ṣe nínú fọ́tò yẹn, oríkì ni: ó fi orúkọ tí a ń bẹ̀rù pe ara tí a ń sá fún.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé Yáì ń fi ẹnu dídùn ṣeré ni, kí ó lọ wo àwọn ère ọba Dahomey. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ilẹ̀ Faransé dá ìṣúra 26 pa dà fún Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì pàtẹ wọn ní Kútọnu ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nínú wọn ni ère Béhanzin wà, tó ní orí àti lẹbẹ ẹja àkùràkudà. Glèlè dúró bíi kìnnìún. Ghézo sì ní ìyẹ́ ẹyẹ lára. Àwòrán ọba ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tó jọ ojú ọba kankan. Orúkọ agbára tí ọba kọ̀ọ̀kan jẹ nígbà tó gorí oyè ni agbẹ́gilére gbé sára igi. Oríkì tó ní ẹsẹ̀ àti apá ni wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó wá wò wọ́n kò sì wá láti gba gbogbo ohun tí ọba wọ̀nyẹn ṣe wọlé, pàápàá àwa ará òkè tí a mọ ohun tí ogun Dahomey ṣe fún wa. Bí ọmọ Mahi tàbí ọmọ Ifẹ̀ láti ìhà Savalou bá lè dúró níwájú Ghézo, ọba tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, kí ó sì wò ó láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn kàn án pé ó fọwọ́ sí òwò ẹrú, mi ò rí ìdí tí kò fi lè dúró níwájú ojú obìnrin kan láti Durban tí kò pa ẹnikẹ́ni.

Òdì kejì oríkì ni kí a pa orúkọ rẹ́. Tassi Hangbé jọba ní Abomey fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn Akaba, kí Agaja tó gorí ìtẹ́. Wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú iye àwọn ọba tí wọ́n ń kà. Ìdílé rẹ̀ ló di ìrántí rẹ̀ mú títí di òní. Nígbà tí Ishola Akpo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àwọn obìnrin tó ṣe ojú fún àwọn ayaba àti ọba obìnrin tí ìtàn gbàgbé, kò sí ẹni tó bi í léèrè bóyá ó fọwọ́ sí gbogbo ìwà wọn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ohun tó ń tún ṣe ni ìwà àìdára tí wọ́n hù sí wọn nígbà tí wọ́n pa wọ́n rẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé àwọn tó fọ́ fèrèsé Dakar mọ ohun tí àwòrán ń ṣe ju bí ẹnu wọn ṣe sọ lọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò ní ojú ní gbangba, a lè sọ pé kò sí. Ẹni tí kò sí, kò sí ẹni tó lè fìyà jẹ ẹ́ láìtọ́.

Àtakò tó wúwo jù lọ nílẹ̀ wa kì í ṣe ti Bíbélì tàbí ti Kùráánì. Ti ọmọ ni. Ní Savalou, bí ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ bá pé, tí iṣu tuntun jáde, tí àwọn ọmọ ilé sì ti Kútọnu àti ti Nàìjíríà wọlé, ìdílé ń ka ara rẹ̀ ni, ọmọ ni ó sì fi ń kà á. Ẹni tí kò bímọ, ta ni yóò sin ín? Ta ni yóò ki oríkì tí mo ń pariwo rẹ̀ yìí? Alátakò yóò ní: bí o bá gbé ojú ọkùnrin tí kò fẹ́ ìyàwó kọ́ sí gbangba pẹ̀lú iyì, ọmọdé tó bá rí i yóò rò pé ènìyàn lè gé okùn ìdílé kí ó sì tún níyì. Àníyàn yìí kì í ṣe ìkórìíra, mi ò sì ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa fúnra wọn kò so okùn ìdílé mọ́ ibùsùn tó bí a ti ń rò. Melville Herskovits, tó ṣe ìwádìí ní Abomey, kọ ọ́ ní 1937 pé obìnrin olówó ní Dahomey lè fi owó orí fẹ́ obìnrin mìíràn. Ọkùnrin tó bá yàn ni yóò bá ìyàwó náà bímọ, ṣùgbọ́n obìnrin tó san owó orí ni yóò ni àwọn ọmọ, ilé rẹ̀ ni wọn yóò sì jogún. Kí n má ṣe puró: Herskovits kò fi ọ̀rọ̀ yìí hàn bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín obìnrin méjì. Ọ̀rọ̀ ogún àti ilé ni. Ohun tó fi hàn ni pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń sùn ti ẹni àti ẹni tó ń gbé orúkọ ilé dúró jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, wọ́n sì mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ nígbà tó bá yẹ. Àwòrán Ojih Odutola ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Kò ya tọkọtaya náà bí ẹni tó sá kúrò nílé; ó yà wọ́n sáàárín àwọn ẹbí, lórí ilẹ̀ baba, pẹ̀lú akọ̀wé tó ń bójú tó ìtàn ìdílé. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ yìí ń ba ìdílé jẹ́ kò wò ó dáadáa.

Ẹ tún wo àwọn tí a ti ń bọlá fún láìbímọ. Pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu ń jẹ́ orúkọ Kádínà Bernardin Gantin, àlùfáà tí kò fẹ́ ìyàwó, tí kò sì bímọ. Orúkọ rẹ̀ ni àlejò ń kọ́kọ́ bá pàdé ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò sí ẹni tó sọ pé orúkọ yẹn ń kọ́ ọmọdé láti gé okùn ìdílé. Alátakò á ní Ọlọ́run ló pe Gantin. Ó dáa. Nígbà náà, a ti fi ẹnu ara wa gbà pé àìbímọ nìkan kò mú ènìyàn kúrò nínú iyì. Ìdí tí kò fi bímọ ni a ń bá jà, ìdí yẹn kò sì sí nínú àwòrán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ère ìbejì wà nílẹ̀ tó ń já gbogbo àríyànjiyàn yìí. Ọmọ tó kú ní ìkókó ni wọ́n ń gbẹ́ ère fún, ọmọ tí kò bímọ, tí kò tilẹ̀ rìn. Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ẹ bí ìkókó. Ó ń gbẹ́ ẹ bí àgbàlagbà, pẹ̀lú ọmú tàbí nǹkan ọkùnrin, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú. Ìyá á wẹ̀ ẹ́, á sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹni tí ayé kò jẹ́ kó délé ọkọ tàbí kó láya, igi gbà fún un pé ó dàgbà. Èyí túmọ̀ sí pé nínú àṣà wa, ẹni tí kò ní ọmọ tí yóò ki oríkì rẹ̀ ni ère pọn dandan fún jù. Bí a bá fẹ́ fi ti ọmọ dá àwòrán dúró, àṣà wa wà ní ìhà kejì.

Àtakò tó ń sọ pé nǹkan àwọn òyìnbó ni ìfẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Orúkọ àti àsíá tí wọ́n fi ń jà lónìí lè ti òkèèrè wá, bí ọ̀rọ̀ òfin tó ń fi àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà náà ti ti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n bá àwọn ọ̀rẹ́ àwòrán wọ̀nyí náà wí díẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti tọ́ka sí àwọn ọkùnrin elégùn Ṣàngó tó ń dirun bí obìnrin, tí wọ́n ń pè ní ìyàwó òrìṣà, bí J. Lorand Matory ṣe kọ nípa wọn ní Ìgbòho nínú ìwé rẹ̀ ti 1994. Wọ́n á tún fa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu wọlé, níbi tí ọkùnrin ti ń wọ ọmú àti ìdí onígi jó níwájú àwọn ìyá wa. Wọ́n á ní Nàná Bùkúù, tí orúkọ rẹ̀ tàn láti Savalou dé Atakpamé, jẹ́ akọ àti abo pọ̀ nínú ìtàn tí Herskovits gbọ́ ní Abomey. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe lórí ibùsùn rẹ̀, elégùn Ṣàngó tó níyàwó mẹ́ta nílé yóò sì bínú bí a bá sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ tí kò mọ̀. Ohun tí wọ́n fi hàn kéré, ó sì tó: ẹ̀sìn wa kò fìgbà kan bẹ̀rù láti gbé ara tó kọjá ààlà akọ àti abo sí gbangba, kí gbogbo ìlú wò ó, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un.

Nípa ti ìjọ àti mọ́sáláṣí, òfin tí àwọn aṣáájú fúnra wọn gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ dì mú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2023, Róòmù gbé ìwé Fiducia supplicans jáde, tó fàyè sílẹ̀ fún àlùfáà láti súre fún àwọn méjì tó jẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo láìsí ètò ìgbéyàwó. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà, tí Kádínà Fridolin Ambongo ń ṣáájú, kọ̀ ọ́ pé àwọn kò ní ṣe é nínú ìjọ àwọn. Ìpinnu tó le ni. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni ìdàpọ̀: ìdàpọ̀ náà ni àwọn kò lè súre fún, ènìyàn náà kò pàdánù iyì rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì béèrè pé ìhà wo ni àwòrán ojú ẹnì kan wà. Ojú ènìyàn kan ṣoṣo, tó dúró, tó wọ aṣọ, tó ń wo iwájú, kì í ṣe ìdàpọ̀. Kátólíìkì tó bá tẹ̀lé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé òpin lè kọ ìsúre, kí ó sì wọ ilé àfihàn lọ láìdẹ́ṣẹ̀.

Mùsùlùmí lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, pé yíya ohun ẹlẹ́mìí fúnra rẹ̀ ni a kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní ìpìlẹ̀ ni, ẹni tó bá dì í mú pátápátá kò ní àwòrán kankan nílé. Ṣùgbọ́n Dakar kọ́ ni yóò sọ ọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ti Ṣéù Àmádù Bámbà, ẹni tó dá ìjọ Mùsùlùmí Mouride sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n yà ní 1913, ti di àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára ògiri, sára ọkọ̀, sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìlú yẹn. Níbi tí ojú ẹni mímọ́ ti kún ìgboro, kì í ṣe àwòrán ni wọ́n kọ̀ ní Raw Material Company, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni. Alátakò tó gbọ́n yóò gbá ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lọ́wọ́: àwọn Mouride ń wo ojú Bámbà fún ìbùkún, àwòrán ní agbára, báwo ni mo ṣe wá ń sọ pé ìdánimọ̀ lásán ni? Ìdáhùn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Savalou. Ní ojúbọ Dankoli, ènìyàn ń ti ibi jíjìn wá, wọ́n ń kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n ń da epo pupa sí i, wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, wọ́n sì ń pa dà wá san án. Dankoli kò ní ojú. Kò jọ ẹnikẹ́ni. Agbára tí wọ́n ń bá pàdé níbẹ̀ ń ti inú ẹ̀jẹ́ àti ìgbàgbọ́ ẹni tó wá jáde, kò sí nínú ìrísí. Bí ojú Bámbà bá ń bùkún ni, ẹni tó gbàdúrà síwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò Muholi.

Ó ku babaláwo. Òun ló lè dá mi dúró jù, nítorí pé inú ilé kan náà ni a ti ń jiyàn. Ó lè ní: oríkì, a gbà, ṣùgbọ́n àkúnlẹ̀yàn ni orí, ènìyàn sì lè yan orí tó ti fọ́ lọ́dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí. Bí a bá rí ẹni tó yan búburú, ẹbọ ni ó yẹ, kì í ṣe ògiri. Ìtàn Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, tó wà nínú Ògúndá Méjì, ni mo fi ń dá a lóhùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé Àjàlá, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, kò sí àléébù kan tí wọ́n rí lára rẹ̀. Òjò ló tú àṣírí. Ẹ̀kọ́ odù yìí ni pé ojú lásán kò mọ orí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀rúnmìlà nìkan fi ń jẹ́ ẹlẹ́rìí ìpín. Orí òde ni ayàwòrán ń yà. Orí inú, kò rí i, ẹni tó ń wo àwòrán náà kò rí i, ẹni tó sọ òkò lu fèrèsé kò rí i. Bí orí ẹnì kan bá tilẹ̀ nílò ẹbọ ní òótọ́, olórí ni yóò bọ orí rẹ̀. Kò sí odù tó ní kí aládùúgbò fi òkúta bá a bọ ọ́.

Àtakò kan ṣoṣo ni mi ò ní borí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní kíkún nítorí pé àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń yára kọjá rẹ̀. Àwòrán lè pa ẹni tó wà nínú rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó akọ sí akọ, ó sì fi ọdún 10 sí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin Bẹ̀nẹ̀ kò sọ ohun tí àgbàlagbà méjì bá fohùn ṣọ̀kan ṣe nínú yàrá wọn di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Tógò, tó bá ìjọba ìbílẹ̀ Bantè pààlà ní ìwọ̀ oòrùn, lè fi ẹni náà sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 3. Ẹni tó ń lọ ta ẹ̀pà tàbí gààrí lódì kejì ti kọjá sínú òfin mìíràn. Ní oṣù Kẹrin 2012, àwọn kan fọ́ ilé Muholi ní Cape Town, wọ́n sì kó háàdì díìsìkì tó lé ní 20 lọ, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ojú àti orúkọ àwọn ènìyàn nínú wọn. Nígbà tí nǹkan bá rí báyìí, kò tó kí a sọ pé oríkì tọ́ sí gbogbo olórí. Oríkì tí akígbe ń kì níwájú ọ̀tá lè di ọ̀nà tí ọ̀tá fi mọ ilé ẹni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àtakò yìí gbé wa dé. Kò sọ pé àwòrán náà burú. Ó sọ pé àwọn tó ń wò ó burú. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ ti fi ẹ̀sùn ìwà ipá sílẹ̀ lórí oníwà ipá, níbi tó yẹ kó wà. Ó sì la ọ̀nà méjì tí ayàwòrán lè tọ̀. Èkíní ni ti Ojih Odutola, tó ro ìdílé tí kò sí láyé, tó fi jẹ́ pé kò sí ilé tí a lè dáná sun nítorí rẹ̀; mo rò pé ọgbọ́n tó bá ilẹ̀ wa mu jù nìyẹn ní báyìí, ju fọ́tò lọ, àní bí a kò tilẹ̀ ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí abẹ́ fọ́tò náà. Èkejì ni ti Muholi, tí ẹni tí wọ́n ń yà ti mọ ewu, tó sì yàn láti dúró. Ohun tí kò ní ọ̀nà nínú rẹ̀ ni kí ayàwòrán mú ojú ẹni tó ń fi ara pamọ́, kí ó gbé e kọ́ sí gbangba nítorí iṣẹ́ ọnà tàbí nítorí ìjà tó dára. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú àfihàn yìí wá sí Savalou lọ́la ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì bá àwọn olórí ẹ̀sìn sọ̀rọ̀ bí ó bá fẹ́ àlàáfíà; ṣùgbọ́n àwọn yẹn kọ́ ló ni ojú tó wà nínú àwòrán. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, bí onítọ̀hún bá sì ní rárá, kí ó dá ọ̀dà rẹ̀ pa dà sínú àpótí.